Ọgbọ̀n Ìṣẹ́jú Lẹ́yìn Oúnjẹ

“Ọmọ yẹn, ṣé ó yè?”

Obìnrin tó béèrè rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ náà, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó ń wo títì. Ọkọ rẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, mo ń rí i láti ojú fèrèsé kékeré tí wọ́n ń gbé oúnjẹ gbà jáde. Ó ń yí ẹyin inú páànù dà. Ọmọbìnrin wọn ń nu tábìlì iwájú mi, kò dáwọ́ dúró. Ìdílé kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán tí wọ́n jáde, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, ara gbogbo wọn sì le koko. Ọmọ wo ló wá ń béèrè?

“Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ìyá yín ń bá sọ̀rọ̀?” Mo bi ọmọbìnrin náà.

“Ìrẹsì yín ń tutù,” ó ní.

Bí a ṣe pàdé nìyẹn.

Iṣẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn òbí gbà mí pé kí n kọ ìwé atọ́nà kékeré kan nípa àwọn ibi tí èèyàn lè kó ọmọ lọ jẹun ní àdúgbò náà láìsí wàhálà. Onírúurú èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Kí èèyàn tó rìn láti ibùdókọ̀ dé iléèwé, á ti gbọ́ èdè mẹ́fà, á sì ti gbóòórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín lọ́nà mẹ́fà. Ilé oúnjẹ mọ́kànlélógún ni mo ní láti dé. Àga gíga ọmọdé mélòó ni wọ́n ní? Ṣé kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé? Bí ọmọ bá figbe ta, ṣé wọ́n á rẹ́rìn-ín ni, àbí wọ́n á fajú ro? Ibì kan ní ẹja nínú dígí gìrìwò. Ibì kan kọ́ ilé onípákó sí ẹ̀yìnkùlé tí àwọn ọmọ ń gùn. Gbogbo wọn pátá ló sì ń fún ọmọ ní ìwé àti pẹ́ńsù aláwọ̀ kí oúnjẹ tó dé, kí ọmọ má baà da ilé rú.

Ilé yìí nìkan ni kì í fún wọn ní nǹkan kan kí oúnjẹ tó dé. Ó di ìgbà tí ọmọ bá jẹun tán. Wọ́n á kó àwo kúrò, ọmọbìnrin yẹn á wá gbé àwòrán kan wá tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà sórí páálí, tó sì gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọmọ á máa tò ó pọ̀. Bí òbí kan bá fẹ́ dìde, ìyá yẹn á sáré débẹ̀: “Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ n bá yín fi tíì kún un.” Àwọn òbí ń yin ilé náà káàkiri nítorí rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn ọmọ níbẹ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ kí wọ́n lọ. Mo fi aago wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú géérégé ni.

Ìdí wo ló fi jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ? Èèyàn mélòó kan máa ń dúró lóde, wọ́n ń retí àyè ìjókòó. Ta ló ń bẹ ẹni tó ti jẹun tán pé kó má dìde? Irú nǹkan báyìí kì í jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Láti kékeré ni. Èmi ni mo tú rédíò ilé wa wò, rédíò náà kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀, mo jẹun tán, mo na ọwọ́ sókè.

“Ẹ gbé páálí tèmi náà wá.”

“Ọmọdé la ń gbé e fún.”

“Ṣé ẹ bi mí ní ọjọ́ orí kí ẹ tó gbé oúnjẹ fún mi ni?”

Àwọn ọmọ tó wà ní tábìlì kejì, tí wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà ní Àǹtí Onípáálí, bú sẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ọ̀kan wá, ó dà á síwájú mi bí ẹni tó ń da ọkà fún adìẹ. Àwòrán abọ́ ọsàn ni. Nígbà tí mo tò ó tán, kò wo àwòrán náà rárá. Aago ara ògiri ló wò.

“Ìṣẹ́jú méje.” Ojú rẹ̀ korò bí ẹni pé mo fọ́ wọn láwo.

“Ṣé kò dára ni?”

“Ó yá jù.”

Ní ọjọ́ kejì, kò dúró kí n béèrè. Ògiri funfun ló yà fún mi, ògiri lásán tí kò ní fèrèsé. Ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ya òjò lára dígí. Ìgbà tí mo fi gbé orí sókè, wọ́n ti gbé àwọn àga lé orí tábìlì, oníbàárà kankan kò sí mọ́, òun nìkan ló jókòó níwájú mi tó fi ọwọ́ lérán, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ṣé nítorí pé ẹ borí mi lẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín?”

“Rárá o. Nítorí pé ẹ dúró ni.”

Ìgbà tí mo dé ojú títì, mo rìn kọjá ibi tí mo ti ń wọ ọkọ̀, n kò mọ̀ títí mo fi dé ibùdó kejì.

Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Oníbéèrè, “ẹ” di “o” láàárín wa, èmi náà kò sì mú bíro jáde mọ́ bí mo bá débẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ilé wọn kì í ṣí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá mi lọ sí àwọn ilé oúnjẹ tó kù nínú ìwé mi.

“Kí n lè máa bá ọ ka àga?” ó ní.

“Kí n lè rí ẹni bá jẹun. Àwọn èèyàn ti ń wò mí, bàbá tí kò ní ọmọ, tó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ilé ẹja inú dígí, kò jẹun. Ó yan ìjókòó tó kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó ń wo ọmọ kan tó ń jẹun ní tábìlì kejì, ó ń wo ètè rẹ̀. Ọmọ náà húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n tó mọ̀, ó ti dúró tì í.

“Kí ló jẹ? Kí ló wà nínú rẹ̀?”

Ìyá ọmọ náà fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. “Omi ló gba ọ̀nà òdì lọ́fun rẹ̀. Kí ló ń ṣe yín?”

Ó padà wá jókòó.

“Jọ̀ọ́,” ó ní, “má bi mí.”

N kò bi í. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo rí ìbéèrè nílẹ̀ tí n kò gbé e. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́.

“Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwo búlúù la fi ń gbé oúnjẹ fún ọmọ tí ẹ̀pà kì í bá lára mu. Funfun ni ti àwọn yòókù. O mọ àdúgbò wa. Èdè pọ̀, ẹni tó ń gbé oúnjẹ lónìí lè má gbọ́ ohun tí òbí ń sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ àwọ̀. Bàbá mi ló ronú rẹ̀. Kò já wa kulẹ̀ rí.”

“Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

“Ọmọkùnrin kan sunkún.”

Mo ń wò ó.

“Ó rí àwo búlúù níwájú ọmọbìnrin kékeré kan ní tábìlì kejì, ó ní òun náà fẹ́ ẹ. Ó ń fẹsẹ̀ halẹ̀, gbogbo ilé ń wò ó. Ìwọ náà mọ Màmá, kò sí ọmọ tí kò lè rẹ̀ lẹ́kún. Ó lọ bẹ ọmọbìnrin yẹn. Ọmọ náà gbà, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti àwo náà sí i. Màmá bá wọn pààrọ̀ rẹ̀, t’oúnjẹ t’oúnjẹ. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ yẹn mà ṣèèyàn o. Ẹ̀pà lílọ̀ sì wà nínú ọbẹ̀ inú àwo funfun.”

Ẹja kan wá sí ara dígí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, ó yíjú padà.

“Abẹ́ káńtà ni mo wà, mo ń ṣe iṣẹ́ iléèwé,” ó ní. “Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Mo mọ̀ pé búlúù kì í kúrò níwájú ẹni tó ni ín. Mo rí i nígbà tó kúrò. Mo rò pé àgbàlagbà mọ ohun tó ń ṣe.”

Bàbá ọmọbìnrin kékeré náà gbé e sáré jáde. Ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ ti dí, èémí rẹ̀ ń dún bíi súfèé. Ìyá àti bàbá Àǹtí Onípáálí lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún wọn pé àwọn kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí. Wọn ò mọ orúkọ ìdílé náà, wọn ò mọ ilé wọn. Kò sẹ́ni tó padà wá, ì báà tiẹ̀ jẹ́ láti wá bú wọn.

“Bàbá ní, ‘Bó bá kú ni, wọn ì bá ti wá wó ilé yìí mọ́ wa lórí.’ Màmá ní, ‘Bó bá yè ni, wọn ì bá ti wá sọ fún mi.’ Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì yẹn.”

“Páálí yẹn ńkọ́?”

“Dókítà kan sọ fún Màmá pé láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ọmọ bá jẹun tán ló sábà máa ń hàn lára rẹ̀. Kì í lè jẹ́ kí ọmọ kankan jáde kí ìyẹn tó pé. Lẹ́yìn náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi yà sí kọ̀rọ̀. Ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe ló máa ń rán an létí èyí tí nǹkan ṣe. Ìgbà yẹn ló máa ń béèrè.”

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí tábìlì. Ó tutù bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ àwo tán.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, mo sọ fún un pé mo fẹ́ fi í ṣe aya. Ó ní, “Tí mo bá lọ, ta ni yóò máa bá a wo aago?”

Nílé tiwa, bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. “Obìnrin tó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni yóò di àna mi? Iṣẹ́ ni wọ́n ní kí o lọ ṣe níbẹ̀, wọn ò ní kí o lọ kó wèrè wálé.” Àbúrò ìyá mi, aránṣọ ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń borí ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta, ló ní òun yóò lọ fojú ara òun rí wọn. Mo mọ̀ pé ìjà ló fẹ́ lọ jà.

Àyè ti gba wọn díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà nígbà tí a wọlé. Àǹtí mi wo ilé náà láti orí dé ilẹ̀, ó fi ìka kan ojú tábìlì wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Kò sí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ó ní. “Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ yí po. Ọmọ mi ń fẹ́ ọmọ yín. Látìgbà tó ti mọ ibí, kò jẹun nílé ẹnì kankan mọ́, àfi bí ẹni pé èmi ń fi ẹyín-iná sínú oúnjẹ tèmi. Mo ní kí n wá bi yín, ṣé ẹ máa gbà á ni, àbí kí n máa lù ú padà sílé?”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín báyẹn rí. Ó jọ ọmọ rẹ̀.

“Ẹ má lù ú. Ọmọ dáadáa ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ nígbà náà.”

“Kò ṣeé ṣe.”

Àǹtí mi fi ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì. Ó ṣetán.

“Ẹ gbọ́ mi, aránṣọ,” ìyá náà ní. “Obìnrin kan wà níbì kan tí èmi ò mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ì bá ti tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ báyìí. Bóyá ó ti ń lọ, bóyá kò lè lọ láéláé. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé oúnjẹ tó ní ẹ̀pà síwájú ọmọ náà. Báwo ni mo ṣe máa dúró lójú agbo, kí wọ́n máa bá mi yọ̀ nítorí ọmọ tèmi? Kí ọmọ yín bá mi mọ̀ ọ́n. Bó yè ni o, bó kú ni o, kí n ṣáà mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá mọ̀ ọ́n, kó máa mú ọmọ mi lọ.”

Bàbá asè pa iná nínú ilé ìdáná. Àǹtí mi gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, ó fi ọ̀kan lé èjìká ìyá náà, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Nígbà tí a jáde, ó yíjú sí mi.

“Wèrè kọ́ nìyẹn,” ó ní. “Èmi á bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ lọ wá ọmọ náà.”

Mo wá a. Mo lọ sí ọsibítù, wọ́n dá mi padà bí wọ́n ṣe dá ìyá náà padà. Mo lọ sí iléèwé mẹ́rin, mo bá àwọn tí wọ́n ti pẹ́ ní àdúgbò sọ̀rọ̀, mo ya àwòrán ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà lọ́jọ́ náà. Mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Àǹtí Onípáálí máa ń bi mí nírọ̀lẹ́, “Ṣé o rí nǹkan?” Ó yá, kò béèrè mọ́.

“Jẹ́ kí n bi ìwọ náà léèrè kan,” ó ní lọ́jọ́ kan, ó ń gé páálí, kò wò mí. “Ṣé èmi lo fẹ́ ni, àbí àdììtú ilé wa? Bí o bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ojú rẹ máa ń tàn. Kì í tàn báyẹn bí o bá ń wò mí.”

“Nítorí rẹ ni mo ṣe ń wá a!”

“O yára dáhùn jù.”

Mo bínú lọ sílé. Mo dúró níwájú ògiri náà, mo ń wo gbogbo ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ọn, àwòrán ọ̀nà, déètì, orúkọ iléèwé. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ojú tì mí. Mo já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbà náà ni ìwé atọ́nà tó àkókò àtitẹ̀. Mo kọ abala ti ilé wọn gbẹ̀yìn, mo sì mú un lọ kà fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ìlẹ̀kùn dé. Mo rò pé inú wọn á dùn. Mo kọ ọ́ pé kò sí ibi tí wọ́n ti mọyì ọmọdé tó báyìí, pé wọ́n fẹ́ràn wọn débi pé lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n máa ń fi eré dá wọn dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

“Irọ́ ni,” ìyá náà ní.

Gbogbo wa wò ó.

“Irọ́ ni. Kì í ṣe ìfẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń yìn mí fún un, gbogbo ìyìn yẹn dàbí ẹ̀gún nínú ara mi. Kọ ọ́ bó ṣe rí.”

“Ìwọ obìnrin yìí!” Bàbá asè jáde pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká. “Ta ló máa kó ọmọ wá síbí mọ́? A ti ti ilé yìí pa nìyẹn!”

“Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó wá. Ó yẹ kí òbí mọ ohun tí a ń wò lójú ọmọ rẹ̀.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ wọn ní.

“Oníbéèrè,” ìyá náà wí fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi orúkọ yẹn pè mí. “O ti bi gbogbo èèyàn. Bá mi bi wọ́n nínú ìwé rẹ.”

Ọmọ rẹ̀ sìn mí jáde. Ó dúró sí ẹ̀bá ìlẹ̀kùn tí kò fi jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀ dáadáa.

“Ìwọ lo gbé bíro wọ ilé wa.”

“Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ọ́.”

“Ìyá mi ti ń wá ẹni tó máa bá a kọ ọ́ tipẹ́. Èmi àti Bàbá ò gbà. Bí ìwọ bá gbà, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.”

Mo gbé ìwé náà lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá fi í sílẹ̀ bí mo ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, mo lè rí i lọ́la kó máa bá mi rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ á sì máa bá títì sọ̀rọ̀ títí yóò fi kú, a ò sì ní fẹ́ra láéláé. Bí mo bá kọ ọ́ bó ṣe rí, ó ṣeé ṣe kí ilé náà wó, kí ọmọbìnrin náà sì máa fi ojú burúkú wò mí títí ayé. Lára méjèèjì, ọ̀kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ ti lè sinmi, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò fẹ́ ọmọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ ní ìlà mẹ́rin. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré kan jẹ ẹ̀pà níbí nípa àṣìṣe wa. Ẹ̀pà kò wọ ilé yìí mọ́ látìgbà náà. A kò mọ̀ bóyá ọmọ náà yè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Mo fi ránṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé náà jáde, ilé ti dá páropáro. Àwọn tí mo mọ̀ lójú ń gba òdì kejì títì kọjá, wọ́n di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, wọn ò wo ibi tí a wà. Èmi ń lọ lójoojúmọ́. Mo máa ń jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí, ọmọbìnrin náà á gbé oúnjẹ síwájú mi láìsọ̀rọ̀, èmi náà á jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Àwọn páálí rẹ̀ wà lórí ara wọn lórí káńtà, eruku ń bà lé wọn. Bàbá asè ń nu sítóòfù tó ti mọ́. Ìyá náà ṣì ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aago bá ti lù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ọmọ tó jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, obìnrin tó ń pín lẹ́tà fún àdúgbò náà dé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Èmi fúnra mi á ti kí i tó ìgbà ọgbọ̀n, pàápàá nígbà tí mo ń sáré kiri tí mo ń wá ọmọ. Kì í kọjá ẹnu ọ̀nà. Á na lẹ́tà sí ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á ní “Ó dàbọ̀ o,” á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, ó wọlé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó sí tábìlì àárín.

Ìyá náà mú ìwé pélébé rẹ̀, ó lọ bá a.

“Ẹ káàbọ̀. Ẹ mà wọlé lónìí. Kí lẹ máa jẹ?”

“Ìrẹsì àti adìẹ, Mà.”

“Ṣé oúnjẹ kan wà tí kì í bá yín lára mu?”

“Ẹ̀pà.”

Bíro náà dúró.

“Ẹ̀pà ò wọ ilé yìí,” ìyá náà ní jẹ́jẹ́. “Ẹ má bẹ̀rù.”

“Mo mọ̀, Mà. Mo ti kà á.” Ó yọ ìwé atọ́nà wa nínú àpò lẹ́tà rẹ̀, ó ti ṣẹ́ ẹ po sí ojú ewé tiwa. “Mo ti pín in dé gbogbo ojúlé láìkà á. Àná ni òjò dá mi dúró lábẹ́ òrùlé ilé kan, mo ní kí n ṣí i. Mo wá pe ìyá mi. Mo ní, ilé oúnjẹ wo ni mo ti ṣàìsàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, tí ẹ gbé mi dé ọsibítù? Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe, pé ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kọ́, pé ọmọ kan ló ń sunkún. Ọ̀sẹ̀ tí mo jáde ní ọsibítù ni iṣẹ́ bàbá mi gbé wa lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ tèmi ló wá dá mi padà síbí. Ó ní àwọn rò pé ẹ ti gbàgbé. Ó ní ilé tó wà ní kọ̀rọ̀ ni, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní àtẹ̀gùn méjì.”

Bàbá asè ti jáde, ṣíbí gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọbẹ̀ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Mo la ẹnu. Ọwọ́ kan tẹ èjìká mi, ọwọ́ tútù, ó wúwo. Ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní oṣù kan tẹ̀ mọ́ etí mi.

“Oníbéèrè,” ó ní, “má béèrè nǹkan kan.” Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ìyá náà fa àga, ó jókòó síwájú obìnrin náà, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wo ètè rẹ̀.

“Ọmọ yẹn,” ó ní. Kò lè parí rẹ̀.

“Ọmọ yẹn,” ni obìnrin náà ní, “ló ń mú lẹ́tà wá fún yín láti ọdún méjì, Mà.”